Iná fusion ò tíì dé, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ wà lókè orí wa

Wọ́n tún ti gbé e dé. Fídíò kan ń yí ká lórí WhatsApp pé àwọn ará Ṣáínà ti ṣe oòrùn àtọwọ́dá, pé iná ọ̀fẹ́ ti dé, pé NEPA ti kú pátápátá. Àwọn tó fi ránṣẹ́ sí mi ju márùn-ún lọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ inverter. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá ní owó inverter lọ́wọ́, ẹ lọ rà á.

Fídíò náà kì í ṣe irọ́ pátá o. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní EAST, ní ìlú Hefei ní Ṣáínà, gbá plasma gbígbóná mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 1,066. Kò pé oṣù kan, ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, àwọn Faransé fi WEST, ẹ̀rọ tiwọn, gbé e dé 1,337, ìyẹn ìṣẹ́jú 22 àti díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí fídíò ò sọ fún yín ni pé kò sí iná mànàmáná kankan tó jáde nínú méjèèjì. Àdàlù epo tí wọ́n máa fi dáná lọ́jọ́ iwájú gan-an ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dán wò ni bóyá wọ́n lè gbá nǹkan yẹn mú kó pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí wá ni plasma? Gbé yìnyín kaná, á di omi. Má sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi á di ooru. Tí o bá ń kó iná sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú: electron á já kúrò lára wọn, gbogbo rẹ̀ á wá di nǹkan kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì lè darí. Ìyẹn ni plasma. Mànàmáná tó ń kọ nígbà òjò, plasma ni. Ohun tó ń tàn nínú ọ̀pá fluorescent ilé yín, plasma ni. Oòrùn fúnra rẹ̀, plasma ni.

Fusion ni kí oríṣi hydrogen méjì, deuterium àti tritium, forí sọ ara wọn débi pé wọ́n á di ọ̀kan, wọ́n á di helium, agbára rẹpẹtẹ á sì tú jáde. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń mú oòrùn ràn. Àárín oòrùn gbóná tó mílíọ̀nù 15 dígírì. Tiwa níbí gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 100 lọ, torí pé a ò tóbi tó oòrùn, a ò ní ìwọ̀n tó fi ń tẹ nǹkan pọ̀. Kò sí ìkòkò tó gba irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan ń fi mágínẹ́ẹ̀tì gbé e dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, àwọn kan ń fi lésà fún un pọ̀ lójijì kó tó ráyè sá.

Ẹ jẹ́ ká fi yúníìtì mítà ṣe ìṣirò rẹ̀, èdè tí gbogbo wa gbọ́ nìyẹn. Yúníìtì kan jẹ́ megajoule 3.6. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2022, ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní California, wọ́n yin lésà 192 sínú páìpù kékeré kan tí hóró epo kan, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 2, wà nínú rẹ̀. Megajoule 2.05 ni lésà gbé wọlé, megajoule 3.15 ló jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó jáde máa ju ohun tí lésà kó wọlé lọ. Gbogbo ayé pariwo, ó sì yẹ kí wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 3.15 ò pé yúníìtì kan. Láti lè yin lésà yẹn, nǹkan bíi megajoule 300 ni wọ́n fà lára wáyà. Ìyẹn lé ní yúníìtì 80. Ẹ ná 80 kí ẹ tó rí ohun tí kò pé ẹyọ kan! Lóòótọ́, wọ́n ti ń gbé e sókè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, èyí tó jáde dé megajoule 8.6, yúníìtì méjì àti díẹ̀. Ó ń lọ sókè, mi ò jiyàn. Kò tíì dé ilé yín ni.

ITER ńkọ́, ẹ̀rọ ńlá tí Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Japan, South Korea àti Íńdíà jọ ń kọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé? Ọdún 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n kéde pé 2034 ni iṣẹ́ ìwádìí máa bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, 2039 ni wọ́n máa fi deuterium àti tritium sí i, owó rẹ̀ á sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 yúrò lé sí i. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nìkan kọ́ ni wọ́n ń sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìròyìn fusion ni pé ẹ̀rọ nìkan la máa ń wò. Ẹ̀rọ ló máa ń tóbi nínú fọ́tò, òun ni mínísítà máa ń dúró tì. Àwọn tó jókòó sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú bírò àti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ṣe tíọ́rì plasma, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò wọn. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ nìyí: nínú gbogbo iṣẹ́ fusion, apá yẹn ló pọ́n dandan fún àwa náà, apá yẹn náà ni agbára wa ká.

Ẹ jẹ́ ká padà sí California. Ọdún 2009 ni wọ́n parí ẹ̀rọ lésà yẹn. Ètò tí kọ̀ǹpútà ṣe fún wọn ni pé tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, iná á ti gbà. Oṣù kẹsàn-án dé, iná ò gbà. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìwé ìròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn aṣòfin ń béèrè ibi tí owó wọlé sí. Ọdún mẹ́wàá mìíràn ni wọ́n fi wá ibi tó ti ń jò kí ti 2022 tó ṣeé ṣe.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè rí nínú kíṣìnnì yín. Bu epo pupa sínú ife, kí o rọra wá ọgbọ́n da omi lé e lórí. Omi wúwo ju epo lọ, kò ní í gbà láti jókòó sókè. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ ní odindi. Á yọ bí ìka, ìka yẹn á máa gún epo, epo náà á máa ti àárín àwọn ìka yẹn gòkè bíi bàlúùnù. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Lord Rayleigh, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1883. Geoffrey Taylor, Gẹ̀ẹ́sì náà, tún un gbé yẹ̀ wò ní 1950. Kò sí lésà nígbà ti Rayleigh, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nígbà ti Taylor. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan fúyẹ́ bá ń ti nǹkan wúwo ni. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí hóró epo tí lésà ń fún: èèpo rẹ̀ yọ ìka wọ inú epo, ó bá iná jẹ́ kó tó gbà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, ṣebí tíọ́rì náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó parọ́ fún wọn ní 2012? Bẹ́ẹ̀ ni o. Tíọ́rì kì í ṣe wòlíì. Ní 1982, ní Garching ní Jámánì, Fritz Wagner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé plasma inú ẹ̀rọ ASDEX ṣàdéédéé ń pa ooru mọ́ dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí tíọ́rì kankan tó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní H-mode, wọ́n ń lò ó kiri ayé, àlàyé rẹ̀ ló wá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, bí ẹ̀rọ bá tóbi tó Cocoa House, kò lè sọ fún ẹ ìdí tó fi bàjẹ́. Èèyàn ló máa jókòó rò ó.

Ìgbà mìíràn sì wà tí tíọ́rì ló ṣíwájú, tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé e. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Lyman Spitzer ní Princeton ní Amẹ́ríkà ro irú ẹ̀rọ kan ní 1951, ó pè é ní stellarator. Lórí ìwé, ó dára. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ó ń jò bí asẹ́. Àwọn Rọ́ṣíà ní tiwọn ń ṣe èyí tó rí bíi dónọ́ọ̀tì, tokamak. Ní 1968 wọ́n ní tiwọn ti gbóná ju ti gbogbo ayé lọ, Òyìnbó ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1969, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lésà lọ sí Moscow láti lọ wọ̀n ọ́n fúnra wọn, ní àkókò tí àwọn méjèèjì kì í bára wọn jẹun. Òótọ́ ni. Gbogbo ayé sáré tẹ̀ lé tokamak, stellarator di ẹni ẹ̀yìn.

Àwọn tó gbé e dìde ò mú irin dání. Ní ọdún 1980 sí 1989, Allen Boozer ní Amẹ́ríkà àti Jürgen Nührenberg ní Jámánì fi ìṣirò hàn pé tí o bá lọ́ mágínẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà kan báyìí, àwọn nǹkan wínníwínní inú plasma ò ní rí ọ̀nà sá lọ. Kọ̀ǹpútà wá bá wọn wá bí ó ṣe máa lọ́. Ohun tó jáde burú lójú: kọ́ìlì 50 tí ó rí bí ọ̀rùka tí tírélà gùn mọ́lẹ̀, kò sí ẹlẹ́rọ tí orí rẹ̀ pé tó máa dábàá irú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Greifswald, wọ́n pè é ní Wendelstein 7-X. Iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù kan wákàtí lọ ló gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ tan plasma nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Angela Merkel tó jẹ́ olórí ìjọba wọn, tí òun náà gba oyè dókítà nínú sáyẹ́ǹsì, wá tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n wọn ìrísí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ìṣirò sọ àti ohun tí wọ́n kọ́ ò tó ẹyọ kan nínú 100,000. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2025, fún ìṣẹ́jú-àáyá 43, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ayé lọ́wọ́ tokamak nínú òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí plasma tó pẹ́ ṣe sún mọ́ fusion tó. Bébà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o.

Àwọn olówó ti mọ èyí. Wọ́n ti kó owó tó lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là sínú àwọn kọ́ńpánì fusion aládàáni kárí ayé. Ní 2023, Microsoft bá kọ́ńpánì Helion ṣàdéhùn láti ra iná lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2028. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Google náà bá Commonwealth Fusion Systems sọ̀rọ̀ megawatt 200 láti ilé-iṣẹ́ iná tí wọn ò tíì kọ́, ní Virginia. Èmi ò ní fi owó mi ta tẹ́tẹ́ lórí 2028 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí Commonwealth ṣe rìn ín: ní 2020, kí wọ́n tó rí owó ńlá, àwọn àti àwọn onímọ̀ MIT tẹ àpilẹ̀kọ méje jáde nínú ìwé ìròyìn Journal of Plasma Physics, wọ́n to ìṣirò ẹ̀rọ SPARC wọn síta kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè tú u wò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ìṣirò ṣíwájú, owó tẹ̀ lé e.

Ibi tó wá dùn jù ni pé àwọn tó ń ṣe tíọ́rì yìí kì í sábà yan ọ̀kan láàárín ilẹ̀ àti ọ̀run. Ìṣirò plasma inú tokamak àti ti inú òfuurufú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní reconnection. Ẹ rò ó bíi rọ́bà tí a fà le: tí o bá gé e níbì kan, tí o so ó mọ́ ibòmíràn, á fò pàì, á gba nǹkan. Ìlà agbára mágínẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú oòrùn, òun ló ń fa ìbúgbàù ńláńlá ibẹ̀. Ní ọdún 1956 sí 1958, Peter Sweet àti Eugene Parker ṣe ìṣirò bó ṣe máa yá tó. Ìṣirò wọn ní oṣù bíi mélòó kan ni yóò gbà. Oòrùn ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ wo àlàfo yẹn! Ìṣòro náà wà nílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún kí Nuno Loureiro, Alexander Schekochihin àti Steven Cowley tó fi hàn ní 2007 pé okùn tín-ínrín tí Sweet àti Parker rò pé ó dúró jẹ́ẹ́ kì í dúró. Ó máa ń já sí wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ á sì yá. Irú gbígé-àti-síso yẹn náà ló ń mú kí ooru àárín tokamak ṣàdéédéé wálẹ̀ lójijì. Ìwé kan náà ni ẹni tó ń wo oòrùn àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwádìí ń kà.

Parker yìí náà ló kọ ọ́ ní 1958 pé oòrùn ń fẹ́ plasma síta bí afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Àwọn tí wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ìjákujà ni. Subrahmanyan Chandrasekhar, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1962, ẹ̀rọ kan lọ síbẹ̀, ó bá afẹ́fẹ́ náà. Ní 2018, Parker jókòó, ẹni ọdún 91, ó ń wo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ sí ọ̀dọ̀ oòrùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹ̀rọ yẹn kọjá ní mílíọ̀nù 6.1 kìlómítà péré sí ojú oòrùn. Kò sí nǹkan mìíràn táwa èèyàn ṣe tó tíì sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí ló kàn wá?" Mo ti ń gbọ́ ọ.

Ó kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ará London lọ. Ìlà agbedeméjì tí mágínẹ́ẹ̀tì ayé ní, tó yàtọ̀ sí equator inú máàpù, orí Nàìjíríà ló gbà kọjá. Láti nǹkan bí 100 kìlómítà sókè orí wa, plasma wà níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní ionosphere. Lọ́sàn-án, odò iná mànàmáná kan máa ń ṣàn nínú rẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lókè ìlà yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, apá ìsàlẹ̀ plasma yẹn á tètè ṣá, apá òkè á ṣì ki. Ẹ ti mọ ohun tó kàn: nǹkan wúwo jókòó lé nǹkan fúyẹ́ lórí. Omi lórí epo. Ìṣirò Rayleigh kan náà tó ba ti California jẹ́ ní 2012 ló ń ṣiṣẹ́ lókè ìlú wa nírọ̀lẹ́. Plasma fífúyẹ́ á ti ìsàlẹ̀ ru sókè, òmíràn á ga ju 1,000 kìlómítà lọ. Plasma bubble ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ìgbì GPS tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá á máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà tí Bolt bá gbé ẹ lọ sí àdúgbò tí kì í ṣe tìẹ, plasma ló fà á o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé gíga ni, tàbí fóònù ẹ. Ẹni tó kàn ni sọ̀fíyọ̀ tó ń wá sẹ̀ǹtímítà, ẹni tó ń fo drone ya máàpù, ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ fi sátẹ́láìtì balẹ̀, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Àpápá lálẹ́. Oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń le jù lọ́dọ̀ wa, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ń bínú. Oòrùn sì ti ń bínú: ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, NASA kéde pé ó ti wọ àkókò tí agbára rẹ̀ ga jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjì láti ojú rẹ̀ lu ayé, èyí tó le jù láti 2003. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ tí ń fi GPS darí katakata dúró sójú oko nígbà ìgbìn àgbàdo, torí pé katakata ò mọ ibi tó wà mọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ plasma òkè yìí, a kì í ṣe àlejò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 síwájú ni ẹ̀rọ tó ń wọn ionosphere ti ń ṣiṣẹ́ ní University College, Ìbàdàn, kó tó di Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí gbogbo ayé para pọ̀ ṣe Ọdún Ìwádìí Ayé ní 1957 sí 1958, àwọn onímọ̀ Òyìnbó ń dúró de nọ́ńbà láti Ìbàdàn, torí pé ibi tí Ìbàdàn wà, ilé ìwádìí tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ Íbò, Cyril Agodi Onwumechili, ń wọn odò iná òkè yẹn ní ilẹ̀ wa, ó sì kọ ìṣirò bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ń ṣàn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Kò sí bílíọ̀nù dọ́là kankan lẹ́yìn rẹ̀: ẹ̀rọ wíwọ̀n, bírò, àti ìrònú. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Ìbàdàn, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982, ìwé ńlá tó kọ lórí odò iná yẹn jáde ní 1997. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní òkè òkun ṣì ń dárúkọ ìṣirò rẹ̀. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ẹ wá wo Peru. Ìlà mágínẹ́ẹ̀tì kan náà gba orí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n parí rédà kan sí Jicamarca, lẹ́bàá Lima, tó ní eriali 18,432, Amẹ́ríkà bá wọn dá owó rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba Peru ló ń bójú tó o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò tí ayé ń lò láti sọ ohun tí òkè equator máa ṣe, nọ́ńbà Peru ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Sátẹ́láìtì C/NOFS tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní 2008 sì fi hàn pé òkè Áfíríkà kì í ṣe bíi ti Peru: bubble pọ̀ níbí jù, ó sì máa ń yọ ní àwọn oṣù tí kì í yọ níbẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn la ń wọ̀.

A ò ṣàì ní nǹkan kan. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀rọ tó ń wo ionosphere láti 2010, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, ìyàlẹ́nu ńlá gbáà! Ẹ̀rọ tó ń wo iná òkè ò gbọdọ̀ máa dúró de iná ilẹ̀. Tíọ́rì ní tirẹ̀ ń fẹ́ àkókò tí kò já. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó ń mọ ilé lè dúró kó padà wá mọ ọ́n láti ibi tó dé. Ẹni tó ń lé ìṣirò kan láti oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tó ń wakọ̀ Bolt kó lè jẹun, ó ṣeé ṣe kó má padà mọ́. Tàbí kó padà, àmọ́ ní Boston.

Mi ò bá àwọn tó wà ní Boston jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ní ká lọ kọ́ ITER sí Mọ́níyà. Tí olóṣèlú kan bá sọ fún yín pé Nàìjíríà fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ fusion, ẹ di àpò yín mú. Sólà àti bátìrì ló máa tan iná fún ìran tiwa yìí, fusion ò sí nínú ètò yẹn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń ra jíìpù fún sẹ́nétọ̀ kan tó láti bọ́ àwọn ọmọ PhD mélòó kan, kí wọ́n fi bátìrì sí ìdí ẹ̀rọ wọn, kí nọ́ńbà tó ń jáde níbẹ̀ wà lórí ayélujára níbi tí ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Kútọ̀nù ti lè fà á lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò bubble òkè Ìlọrin dunjú, ìṣirò kan náà ló máa gbé wọ ilé-iṣẹ́ fusion èyíkéyìí láyé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún wa, èyí wà ní ṣíṣí.

Agbára oòrùn máa ń ga, ó máa ń rọlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 11 sí 11. Ó ti ń rọlẹ̀ báyìí. Àárín ọdún 2030 sí 2040 ló tún máa ga, ní nǹkan bí àkókò tí ITER ní òun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn gan-an. Ọmọ tó ń ka físíìsì ní 100 level lọ́wọ́ yìí, tí wọ́n bá jẹ́ kó kàwé láìdáwọ́ dúró, á ti di dókítà nígbà náà.